Ẹni Tí Ara Ń Ni Níwájú Ẹ̀rọ: Àgbéyẹ̀wò Ètò Ìrànwọ́ Orí Ẹ̀rọ ní Mowé, Ìbàfò àti Ìfọ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé ojú àpá kì í jọ ojú ara, bí egbò tilẹ̀ ti jinná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ìyà ti jẹ rí tí ọkàn rẹ̀ kò sì gbàgbé, yálà ọkọ ni ó ń lù ú, tàbí àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ni ó gbé e wọ igbó lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tàbí àwọn ajagungbalẹ̀ ni ó fi àdá lé e kúrò lórí ilẹ̀ tí ó fi làágùn ọdún púpọ̀ rà, tàbí gbèsè ni ó sọ ọ́ di ẹni tí àyà rẹ̀ ń já bí fóònù ara rẹ̀ bá dún. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó bá jàjà gbára dì láti wá ìrànwọ́ lọ sọ́dọ̀ ìjọba, tàbí báǹkì, tàbí ilé ìwòsàn lóde òní, kì í sábà bá ènìyàn pàdé mọ́. Ẹ̀rọ ni ó ń bá pàdé: fọ́ọ̀mù tí ń béèrè ohun gbogbo láìbojú wẹ̀yìn, kóòdù orí fóònù tí ń kánjú tí yóò sì pa ara rẹ̀ dé kí ìyá arúgbó tó rí nọ́ńbà tí yóò tẹ̀, àti ohùn kan tí kò mọ̀ pé ẹni tí ó ń gbọ́ òun ń sunkún. Bí a ṣe lè ṣètò àwọn nǹkan wọ̀nyí kí wọ́n má baà máa tọ́ egbò fún ẹni tí ó wá oògùn egbò wá ni ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Mo mú Mowé, Ìbàfò àti Ìfọ̀ ní ibùdó àgbéyẹ̀wò yìí, kì í ṣe nítorí pé ìyà tí ó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ti ibòmíràn lọ, bí kò ṣe pé ibẹ̀ ni ẹ̀rọ àti ènìyàn ti ń forí gbárí jù. Ilẹ̀ oko àwọn Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí ni gbogbo rẹ̀ látayébáyé. Owó ilé Èkó ni ó lé àwọn ènìyàn dé ibẹ̀ tí oko fi di ìlú. Mowé àti Ìbàfò wà ní etí ọ̀nà márosẹ̀, lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Owódé-Ẹ̀gbá. Ìfọ̀ wà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta àtijọ́ àti ojú irin, ó sì ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀. Ọ̀kẹ́ àìmọye nínú àwọn ará ibẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tí wọ́n sì ń sùn ní Ògùn, tí ó fi jẹ́ pé ojúmọ́ kì í mọ́ kí wọ́n má kọjá ààlà ìpínlẹ̀ méjì. Ibẹ̀ náà sì ni àwọn àgọ́ àdúrà ńláńlá wà, ti Ìràpadà lẹ́bàá Mowé àti ti Òkè Iná lẹ́bàá Ìbàfò, níbi tí ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ ti ń kọ́kọ́ sá lọ kí ó tó ronú kan ọ́fíìsì èyíkéyìí. Èmi kò rí ohun ìtìjú nínú èyí. Ẹni tí yóò bá tẹ́tí sí ni ni à ń tọ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní òkè òkun. Ní 2001 ni Maxine Harris àti Roger Fallot kọ̀wé ní Amẹ́ríkà pé kí ilé ìrànwọ́ gbogbo máa ṣe bí ẹni pé ẹnikẹ́ni tí ó bá wọlé lè ti rí ìjàǹbá rí, kí wọ́n má ṣe dúró dìgbà tí ó bá sọ ọ́. Ní 2014, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ SAMHSA gbé ìlànà mẹ́fà jáde lórí rẹ̀, tí ààbò, ìfọkàntán, àti ẹ̀tọ́ ẹni láti yan ohun tí ó wù ú wà nínú wọn. Ẹgbẹ́ Chayn, tí Hera Hussain dá sílẹ̀ ní 2013, ni ó gbé irú ìlànà bẹ́ẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ fún àwọn obìnrin tí wọ́n ń fìyà jẹ. Àwọn tí ń ṣe ojú ewé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ní bọ́tìnì kan tí obìnrin lè tẹ̀ bí ọkọ rẹ̀ bá yọ lójijì, tí ojú ewé náà yóò sì pòórá tí òmíràn tí kò ní ìfura nínú yóò gba ipò rẹ̀. Iṣẹ́ ọlọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni a gbé ka èrò kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ jáde, pé ènìyàn kan ni ó ni fóònù kan, pé ó lè kàwé lórí rẹ̀, àti pé òun nìkan ni ó wà níbi tí ó ti ń tẹ̀ ẹ́. Kí ẹni tí ó bá gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí níhìn-ín lọ dúró ní ibùdókọ̀ Ìbàfò ní ìrọ̀lẹ́, kí ó wo iye ènìyàn tí ń na fóònù àti káàdì wọn sí ọmọbìnrin tí ó jókòó sábẹ́ agbòjò pẹ̀lú ẹ̀rọ ìyọwó POS.

Ká tó dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin náà, ó yẹ kí a mọ ìdí tí ẹ̀rù fi ń ba àwọn ènìyàn wa láti jẹ́ kí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀, nítorí àwọn alákọ̀wé kan a máa pe ẹ̀rù yìí ní ìwà òpè. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí kì í ṣe òpè bí ó bá ń bẹ̀rù ekòló. Ní 1918, owó orí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ka àwọn Ẹ̀gbá lórí wà lára ohun tí ó dá Ogun Adúbí sílẹ̀, tí wọ́n fi wú ojú irin tí wọ́n sì gé wáyà. Nígbà tí owó orí náà fìdí múlẹ̀ tán, tí ó sì di dandan fún obìnrin, àwọn agbowó-orí a máa tú ọmọbìnrin sí ìhòòhò láti wò bóyá ó ti dàgbà tó ẹni tí ń san án. Ìyẹn wà lára ìbínú tí ó kó àwọn obìnrin jọ lẹ́yìn Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ní 1947, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1949. Nítorí náà, nígbà tí òṣìṣẹ́ kan bá sọ fún ìyá àgbà ní Ìfọ̀ pé kí ó sọ ọjọ́ orí rẹ̀, kí ó tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kí ó sì wo ojú kámẹ́rà láìrẹ́rìn-ín, kí òṣìṣẹ́ náà má ṣe rò pé ilẹ̀ ọ̀tun ni òun ń ro.

Àwọn ohun tí ojú wa sì ti rí ní ọdún díẹ̀ sí ìsinsìnyí kò jẹ́ kí ẹ̀rù náà kú. Ní oṣù kẹrin 2022, wọ́n dí ẹnu síìmù tí ó lé ní mílíọ̀nù 70 pé wọn kò tíì so ó mọ́ NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè. A lè pe olúwarẹ̀, òun kò lè pe ẹnikẹ́ni. Mo rò ó títí: nínú mílíọ̀nù 70 náà, kò lè ṣe kí àwọn kan má wà tí ìpè kan ṣoṣo ni ó wà láàárín wọn àti ewu lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ọ̀ràn pípààrọ̀ owó náírà dé, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tí owó wọ́n bí ojú, tí áàpù báǹkì ń kọṣẹ́, tí ènìyàn sì ń fi owó ra owó lọ́wọ́ oní-POS, títí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi dájọ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta pé kí owó àtijọ́ máa ná lọ. Ẹni tí ó sùn sí ẹnu ọ̀nà báǹkì nígbà náà kò ní tètè gba ohùn kan gbọ́ tí ó ń wí fún un pé orí ẹ̀rọ ni ó yá jù.

Fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ní ìkà tirẹ̀, bí ẹni tí ó ṣe é kò tilẹ̀ ní in lọ́kàn. Ó ń béèrè ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ sọ fún un pé ọdún tí ọba báyìí wàjà ni a bí i. Wọ́n bá a dá ọjọ́ kan níbi NIN, wọ́n dá òmíràn níbi BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báǹkì, àwọn méjèèjì kò bára mu, owó rẹ̀ há sí báǹkì, bí ó bá sì fẹ́ tún ọjọ́ ìbí yẹn ṣe, iye tí NIMC, àjọ tí ń ṣe NIN, gbé lé e ní 2025 jẹ́ ₦28,574. Ó ń béèrè ìka lọ́wọ́ ẹni tí símẹ́ǹtì tàbí gaàrí yíyan ti jẹ ìlà ọwọ́ rẹ̀ tán. Ó ń béèrè orúkọ ìdílé lọ́wọ́ obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá kúrò nílé ọkọ, tí ó jẹ́ pé orúkọ ọkùnrin náà ni ó wà lórí gbogbo ìwé rẹ̀, nọ́ńbà ọkùnrin náà ni wọ́n fi ṣí àpamọ́ owó rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá yọ ẹgbẹ̀rún méjì náírà ní Mowé, ẹni tí ó sá fún ni báǹkì yóò kọ́kọ́ fi tó létí. Nọ́ńbà tí ènìyàn kò lò mọ́ pẹ̀lú kì í kú: bí a kò bá ná owó lórí rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù lè tì í, bí ó bá sì tún pé oṣù mẹ́fà sí i, wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíràn, àṣírí ẹni àkọ́kọ́ yóò sì máa wọlé tọ ẹni kejì lọ.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń wá ibi tí àìbìkítà ti di ète pátápátá, inú àwọn áàpù tí ń yá ènìyàn lówó ni kí a yà sí. Títí di 2023, bí ènìyàn bá gba áàpù náà sórí fóònù, ó ti gbà kí ó kó gbogbo orúkọ àti nọ́ńbà tí ó wà níbẹ̀. Bí ọjọ́ ìsanwó bá fi lé díẹ̀, wọn yóò kọ̀wé sí àna rẹ̀, sí pásítọ̀ rẹ̀, sí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, pé olè ni, nígbà mìíràn pẹ̀lú àwòrán rẹ̀. Àwọn baba wa mọ irú iṣẹ́ yìí. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ròyìn ológò, ẹni tí olówó èlé ń rán lọ dógò ti ajigbèsè, tí yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, tí yóò máa pariwo, tí yóò máa bú tonílé tàlejò, tí yóò sì mú adìẹ tí ó bá kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ pa jẹ, títí ìtìjú yóò fi mú gbogbo ilé dáwó jọ. Ìwà tí kò dára ni, n kò gbè é lẹ́yìn. Síbẹ̀ ológò ìgbà náà ní ojú. Oorun a máa kùn ún. Àgbà ilé lè bá a sọ̀rọ̀ kí ó sì gbọ́. Ìtìjú náà kò sì kọjá àdúgbò kan. Ti òde òní kò ní ojú, kò ní ilé, ó sì lè dógò ti ènìyàn nínú ọgọ́rùn-ún fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjọba kò ṣàì gbìyànjú: ní oṣù kẹjọ 2021, àjọ ìmọ̀ ẹ̀rọ NITDA bu ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lu ilé iṣẹ́ ayánilówó Soko Lending, ní 2022, àjọ FCCPC tí ń dáàbò bo oníbàárà gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn ayánilówó orí ẹ̀rọ, ní 2023, Google kọ̀ fún áàpù wọn láti máa wo orúkọ inú fóònù, nígbà tí ó sì di 2025, FCCPC tún gbé òfin jáde tí ìtanràn inú rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 100 náírà. Ohun tí ó wọ̀ mí lọ́kàn nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ìpinnu Google, tí kò béèrè lọ́wọ́ adájọ́ tàbí ọlọ́pàá, ni ó dí ihò náà níbi tí eku ti ń gbà wọlé. Òfin ń jẹni níyà lẹ́yìn tí ọ̀ràn ti ṣẹ̀. Bí a ṣe ṣe nǹkan láti ilẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ó ṣẹ̀.

Ọ̀ràn obìnrin tí wọ́n ń lù, tàbí tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, ní ìṣòro ààlà nínú. Ní Èkó, Mirabel Centre ti wà ní Ìkẹjà láti 2013, ibi àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, níbi tí ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ ti lè rí ìtọ́jú àti ìtùnú gbà lábẹ́ òrùlé kan. Èkó sì ní àjọ DSVA tí ń gbógun ti ìwà ipá abẹ́lé àti ìfipábánilòpọ̀, tí òfin dá sílẹ̀ ní 2021. Ògùn ní òfin tirẹ̀ tí ó lòdì sí ìwà ipá, ti 2017. Kí ni kí obìnrin Mowé ṣe, tí ìjà náà ṣẹlẹ̀ ní ilé ní Ògùn, tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ọjọ́ta, tí fọ́ọ̀mù sì ń bi í pé ìpínlẹ̀ wo ni ó ń gbé kí ó tó jẹ́ kí ó sọ ohun tí ó ṣe é? Bí ó bá yan èyí tí kò tọ́, wọn yóò darí rẹ̀ sí ibòmíràn, ibẹ̀ náà yóò ní kí ó tún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kíkà tí à ń mú kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ máa ka ẹ̀dùn rẹ̀ lákàtúnkà yìí ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà gbà pé ó burú púpọ̀. Kò sì sí ohun tí ó nira nínú kí a gba ìtàn náà lẹ́ẹ̀kan, kí a fi nọ́ńbà kan dì í, kí ọ́fíìsì máa ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, kí obìnrin náà lọ jókòó. Ní ti ẹni tí ayé sú tí ó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ para rẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tún kún fún ìfòyà, nítorí abala 327 nínú ìwé òfin ọ̀daràn wa ka ìgbìyànjú bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ní ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023 kò sì pa abala náà rẹ́. Èwo ni ọlọgbọ́n yóò ṣe, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ àti NIN rẹ̀ sójú ewé tí ó ní òun fẹ́ ràn án lọ́wọ́, tàbí kí ó dákẹ́?

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin abẹ́ agbòjò. Òun, àti ọ̀dọ́mọkùnrin inú bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tí ń bá ènìyàn tẹ fọ́ọ̀mù, àti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ń ka téèsì fún ìyá rẹ̀ ní Ìfọ̀, àwọn gan-an ni ojú ẹ̀rọ ní ilẹ̀ wa. Àwọn báǹkì ń pariwo pé kí a má ṣe sọ píìnì wa fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n mọ̀ dájú pé ẹni tí kò lè kàwé yóò sọ ọ́, wọ́n sì fi ìkìlọ̀ náà ṣe asà, kí ẹ̀bi lè wà lórí rẹ̀ bí owó bá sọnù. Nítorí pé ètò kò jẹ́wọ́ pé olùrànlọ́wọ́ wà, kò sí òfin tí ó mọ̀ pé ó so òun, kò sí ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ, kò sí owó tí wọ́n san fún un, àṣírí gbogbo àdúgbò sì wà ní ikùn rẹ̀. Ní 2024, àjọ CAC, tí ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, pàṣẹ kí àwọn oní-POS forúkọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Nítorí owó ni o, kì í ṣe nítorí àṣírí.

Ohun tí ó jọ mí lójú ni pé ìdáhùn ọ̀ràn yìí ti wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà láti nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn. Ní 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó ti kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ tí ó wà ní Arọ̀, ní Abẹ́òkúta. Dípò kí ó ti àwọn aláìsàn mọ́lé bí àṣà òyìnbó ìgbà náà, ó bá àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí ṣàdéhùn kí wọ́n gba aláìsàn sínú ilé wọn. Ṣùgbọ́n kò gba aláìsàn kankan tí kò bá mú ará ilé rẹ̀ kan lọ́wọ́, ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀. Ó tilẹ̀ fi àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kún àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́. Ẹ wo bí ó ti gbọ́n tó: alábàárìn tí ètò òyìnbó ń lé síta, Lámbò sọ ọ́ di ẹnu ọ̀nà, ó sì fún un ní iṣẹ́ tí ó ní ìwọ̀n. Alábàárìn kò di dókítà, kò sì di alágbàtọ́jú owó. Ó kàn mọ ibi tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Nígbà tí ó yá, Lámbò di igbákejì ọ̀gá àgbà ní àjọ ìlera àgbáyé, WHO, àwọn ará òkè òkun sì wá wo Arọ̀.

Ohun tí mo ń wí ni pé kí ètò orí ẹ̀rọ wa ṣe bí Arọ̀ ti ṣe. Kí kóòdù kọ́kọ́ béèrè pé ṣé ìwọ fúnra rẹ ni ó ń tẹ̀ ẹ́, àbí ẹnìkan ń bá ọ tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹnìkan, kí ó gba nọ́ńbà ẹni náà sílẹ̀, kí ó sì fún un láṣẹ iṣẹ́ kan ṣoṣo náà ní ọjọ́ náà nìkan, láìfi píìnì lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, kí ohùn kan pe oní-nǹkan ní Yorùbá tí ó já gaara, kí ó sọ ohun tí wọ́n ṣe lórúkọ rẹ̀. Kí olùrànlọ́wọ́ gba owó iṣẹ́ rẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba, kí ó má baà bù ú lórí owó opó. Òfin ààbò àṣírí tí wọ́n buwọ́ lù ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2023 ti fi ẹrù sí ọrùn ẹnikẹ́ni tí ó bá di àṣírí ẹlòmíràn mú. Ó ku kí wọ́n sọ ọ́ fún ọmọbìnrin abẹ́ agbòjò ní èdè tí ó gbọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà tí alábàárìn gbọ́dọ̀ bọ́ síta fún, bí ìlù ọkọ, oyún, àti àrùn tí ènìyàn kì í sọ ní gbangba. Níbẹ̀, kí ètò má ṣe béèrè ohunkóhun lórí fóònù ju ìgbà àti ibi tí a ti lè fojú rinjú lọ, nítorí fóònù tí ọkọ rà, ọkọ ni ó ni ín, bọ́tìnì ìsálọ kan kò sì lè yí ìyẹn padà.

Àwọn kan yóò wí pé olùrànlọ́wọ́ ni olè gan-an, pé bí a bá ṣí ilẹ̀kùn fún un, jìbìtì yóò pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ nínú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà ti ṣí tipẹ́. Ohun tí a kò tíì ṣe ni pé a kò tíì kọ orúkọ ẹni tí ń gba ibẹ̀ wọlé. Alájọ, tí ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyá lọ́jà lójoojúmọ́ tí ó sì ń fi àmì sí káàdì wọn, ń ṣe é láìsí pé ó di dandan kí wọ́n mọ̀wé, nítorí gbogbo ọjà mọ ilé rẹ̀.

Àwọn aláàbọ̀ ara kò gbọdọ̀ ṣubú sẹ́yìn nínú èyí. Òfin tí ó kọ ìyàsọ́tọ̀ sí wọn ti wà láti oṣù kìíní 2019, síbẹ̀ afọ́jú a máa bá àwòrán pàdé níbi tí ó yẹ kí ó bá ọ̀rọ̀ pàdé, adití a sì máa rí i pé ìpè nìkan ni ọ̀nà tí a lè gbà fẹjọ́ sùn.

Ibi tí ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ dán ètò alábàárìn yìí wò kò jìnnà. Ní oṣù kẹwàá 2023, lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí ₦25,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta fún mílíọ̀nù 15 ìdílé. Wọ́n dá a dúró ní oṣù kìíní 2024 nígbà tí ariwo owó bo ilé iṣẹ́ tí ń pín in, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ padà sí i, NIN ni ó di ẹnu ọ̀nà. Opó kan ní Ìbàfò tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ kò bá ara mu, tí ìka rẹ̀ kò sì hàn, yóò gun ọkọ̀ dé Owódé-Ẹ̀gbá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nítorí owó náà, owó ọkọ̀ yóò sì ti jẹ nínú rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọbìnrin POS tí ó wà lójú pópó níwájú ilé rẹ̀ ní àṣẹ láti jẹ́rìí sí i pé òun mọ̀ ọ́n, tí baálẹ̀ àti ìyálọ́jà sì fọwọ́ sí i, kò ní gun ọkọ̀ kankan.